Ó gbé ipò kẹsàn-án, ó gba wúrà: bí wọ́n ṣe ń ka máàkì nínú eré ọkọ̀ ìgbòkun

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta irin ìkọ́lé ní Èbúté-Mẹ́ta ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí fídíò eré ọkọ̀ ìgbòkun kan lórí fóònù wọn, ti Òlímpíkì 2012, wọ́n sì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn wọn dà bíi ti ẹni tí a yàn jẹ.

"Àbúrò, ọkọ̀ mẹ́wàá ló wà lórí omi, mo kà wọ́n. Òyìnbó yìí gbé ipò kẹsàn-án. Ẹnì kan péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé òun ni wọ́n fi wúrà sí lọ́rùn? Ṣé màgòmágó wà níbẹ̀ náà ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí màgòmágó kankan. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé." Ohun tí mo bá wọn sọ láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ síbí, nítorí ó dá mi lójú pé àwọn nìkan kọ́ ló ń ṣe kàyéfì.

Òyìnbó inú fídíò náà ni Ben Ainslie, ọmọ Ìlú Ọba tí wọ́n bí ní 1977. Ó lọ sí Òlímpíkì márùn-ún léraléra, kò sì padà wálé lọ́wọ́ òfo rí: fàdákà ní 1996, wúrà ní 2000, 2004, 2008 àti 2012. Ṣáájú rẹ̀, Paul Elvstrøm, ọmọ Dẹ́nmárkì, ni gbogbo ayé ń pè ní baba eré náà, wúrà mẹ́rin láti 1948 sí 1960. Ainslie gba mẹ́rin bíi tirẹ̀, ó wá fi fàdákà kan lé e. Ẹni tó bá ń ta ayò yóò mọ ohun tí mò ń sọ tí mo bá ní ọ̀ta ni ọkùnrin náà, ọ̀ta paraku. Àmọ́ bí ọ̀ta ayò bá fẹ́ borí, ọmọ ayò púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ. Ọ̀ta orí omi yìí, kí tirẹ̀ kéré ló ń wá.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ń ṣìnà. Ojú bọ́ọ̀lù la fi ń wo gbogbo eré ìdárayá ní Èkó: máàkì mẹ́ta fún ẹni tó borí, ẹyọ kan fún ọ̀mì, ẹni tó bá kó jọ jù ló ni ife. Nínú eré ọkọ̀ ìgbòkun, ipò tí o bá gbé ni máàkì rẹ. Ipò kìíní, máàkì kan. Ipò kẹsàn-án, máàkì mẹ́sàn-án. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré jù ló borí. Ẹ rántí káàdì tí ọmọ ń mú bọ̀ láti ilé-ìwé, tí tíṣà kọ ipò rẹ̀ sí ní tààmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní ọmọ kan gbé ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì, ó wá gbé ipò kẹtàdínlógún ní tààmù kẹta: àròpọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 19. Ọmọ kejì gbé ipò kẹta, ipò kẹrin, ipò kẹta: 10. Ọmọ kejì yìí kò gbé ipò kìíní rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa dé ládé lórí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn kò dára, pé bóyá ibà ló ṣe ọmọ àkọ́kọ́ ní tààmù kẹta. Òótọ́ ni wọ́n sọ, òfin eré náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ló lè ju ìgbà tó burú jù fún un nù. Ní 2012, nínú irú ọkọ̀ tí Ainslie ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Finn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni wọ́n kọ́kọ́ sáré. Kálukú yọ ẹyọ kan tó burú jù kúrò, wọ́n ro mẹ́sàn-án tó kù pọ̀. Ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún ló díje. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò nítorí pé ó rú òfin, máàkì 25 ni wọ́n ń kọ fún un, ìyẹn iye ọkọ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan. Torí náà, o lè ju ibà kan nù, ṣùgbọ́n ibà kejì á tẹ̀lé ọ délé.

Lẹ́yìn mẹ́wàá yẹn ni àṣekágbá. Ọkọ̀ mẹ́wàá tó wà lókè nìkan ló ń wọ̀ ọ́, ìlọ́po méjì ni máàkì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè jù ú nù. Ipò kìíní di 2, ipò kẹsàn-án di 18, ipò kẹwàá di 20. Ẹ bá mi fi èyí sápò, a máa yọ ọ́ jáde tó bá yá.

"Kí ló dé tí wọn kò fi sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí kálukú máa lọ sílé?" Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bi mí nìyẹn. Atẹ́gùn ló fà á. Nígbà tí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ bá dá yín dúró lórí Third Mainland Bridge, ẹ bojú wo ọ̀sà. Ẹ ó rí àwọn apẹja tó ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti tapólì rán pọ̀. Atẹ́gùn tó ń ti ojú òkun wá láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé wọn lọ, ọ̀sán ló sì máa ń lágbára jù. Tí ẹ bá tẹjú mọ́ omi náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ kò rí bákan náà: ibì kan dúdú, ó ń hun jọ wẹ́wẹ́, ibòmíràn ń dán bíi dígí. Ibi tó dúdú ni atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ibi tó ń dán, òfo ló wà níbẹ̀. Apẹja ọ̀sà mọ èyí láti kékeré, kò ka ìwé kankan kó tó mọ̀ ọ́n.

Bí ọkọ̀ kan bá wá lọ sí apá òsì, tí atẹ́gùn sì já wọlé láti apá ọ̀tún, kò sí ọgbọ́n tí yóò dá. Akọni lè gbé ipò kejìdínlógún lónìí nítorí pé atẹ́gùn kọ̀yìn sí i fún ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ń sáré lẹ́ẹ̀mẹwàá kí oríire má baà jọba lórí ìmọ̀. Ẹni tí ọjọ́ burúkú rẹ̀ kò burú jù ni wọ́n ń wá.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń bi: tí atẹ́gùn bá ń bọ̀ láti iwájú, báwo ni ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì ṣe ń lọ bá a? Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi rántí kóró àgbálùmọ̀ tó ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́. Fi ìka méjì fún un. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lo ti fún un, ṣùgbọ́n iwájú ló fò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ìgbòkun. Atẹ́gùn ń ti ìgbòkun láti ẹ̀gbẹ́ kan. Pákó pẹlẹbẹ kan sì wà tí wọ́n tì bọ inú omi láti àárín ọkọ̀. Omi ń ti ìyẹn padà láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ̀ kò ríbi yà sí mọ́, àfi kó fò síwájú.

Kò lè dojú kọ atẹ́gùn gbọnrangandan o. Ó máa dà á kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní nǹkan bí ìdajì igun ilé, ìwọ̀n 45. Á lọ sọ́tùn-ún díẹ̀, á yí, á lọ sósì díẹ̀, á tún yí. Ẹ ti rí àwọn tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi gun orí afárá rí? Wọn kì í tì í lọ tààrà, ẹ̀gbẹ́ títì kan dé ìkejì ni wọ́n ń wọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì dé òkè. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá yí ni ó ń pàdánù eré díẹ̀, torí náà ìgbà tí ènìyàn yóò yí ni ọgbọ́n wà. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ni ìgbòkun ń fẹ́ da ọkọ̀ dé, kò sì sí ohun mìíràn tó dì í mú ju ara ẹni tó ń wà á. Á ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́líìtì kan tó wà nínú ọkọ̀, á wá na gbogbo ara sí ìta lórí omi, bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dànfó ní Ọ̀yíngbò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Ẹni yìí á wà bẹ́ẹ̀ títí itan rẹ̀ á fi máa gbọ̀n.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré tún ni wàhálà. Wọn kò lè fi ẹfun fa ìlà sórí omi. Láàárín ọkọ̀ àwọn adarí eré àti àmì kan tó léfòó lórí omi, tí wọ́n ń pè ní bọ́ì, ni ìlà wà, ojú inú ni kálukú fi ń rí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú ni wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á ta àsíá. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, gbogbo ọkọ̀ ń rìn gbéregbère lẹ́yìn ìlà, wọ́n ń wá àyè, ọkọ̀ ìgbòkun kò sì ní bíréèkì. Ẹ fojú inú wo ogún dànfó ní Òjúẹ̀lẹ́gbà tí kò sí èyí tó ní bíréèkì nínú wọn (ẹ̀gbọ́n mi ní ìyẹn kì í ṣe òwe mọ́), tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọjá ìlà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Tí àwọn adarí bá ta àsíá dúdú, ẹnikẹ́ni tó bá yọ kọjá ìlà síhà eré náà láàárín ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ti jáde nínú eré nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ń wo fídíò kì í rí ló wá ṣe pàtàkì jù. Ọkọ̀ tó bá wà lókè atẹ́gùn, ìyẹn níhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, lè gba atẹ́gùn mọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ti gbé yàrá tí fèrèsé rẹ̀ dára rí ní Súrùlérè, kí aládùúgbò tó wá kọ́ ilé alájà mẹ́ta síwájú rẹ̀, kò nílò kí n ṣàlàyé fún un. Afẹ́fẹ́ wà nígboro, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ mọ́.

Bí wúrà àkọ́kọ́ Ainslie ṣe wá nìyẹn. Ní 1996, ọmọ ọdún 19 ni, nígbà tí Robert Scheidt, ọmọ Bràsíl, borí rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Laser. Scheidt ló wà níwájú ní àròpọ̀ kí wọ́n tó wọ eré tó kẹ́yìn. Àwọn méjèèjì yọ kọjá ìlà kí àkókò tó tó, wọ́n lé àwọn méjèèjì jáde. Òfo kan náà ló bá wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú tẹ́lẹ̀ ló gbé wúrà lọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Sydney, wọ́n tún kojú ara wọn ní ọjọ́ ìkẹyìn, Scheidt ló sì tún wà níwájú. Ainslie ṣírò: tí Scheidt bá gbé ipò tó burú gan-an nínú eré yìí, àròpọ̀ rẹ̀ á ju tòun lọ. Nítorí náà kò bá àwọn yòókù sáré rárá. Scheidt ló ń ṣọ́. Bí èyí bá yí, ó yí. Ó dúró lókè atẹ́gùn rẹ̀, ó gba atẹ́gùn mọ́ ọn lọ́wọ́, títí àwọn méjèèjì fi di ẹni ẹ̀yìn pátápátá. Ìjà wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn onídàájọ́, wọ́n sì lé Scheidt jáde nínú eré náà.

Àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ọpọ́n ayò rí mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn kì í fi ọwọ́ rẹ̀ jẹ, tó jẹ́ pé kí ẹnìkejì má baà rí jẹ ló ṣe ń tà. Ìyà kò sì jẹ Scheidt gbé: ó tún gba wúrà Laser ní 2004, lẹ́yìn tí Ainslie ti kúrò níbẹ̀.

Mo dárúkọ onídàájọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ eré wọ̀nyí, kò sí réfírì tó ń sá tẹ̀ lé yín. Òfin ìrìnnà ni wọ́n ń lò, bíi ti títì: ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé ló ni ọ̀nà, ẹni tó ń gbà á láti ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ yà fún un. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń fìyà jẹ ara rẹ̀. O fara kan bọ́ì, o máa yí ọkọ̀ rẹ po lẹ́ẹ̀kan. O dí ẹlòmíràn lọ́nà, o máa yí i po lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí gbogbo wọn ti ń kọjá lára rẹ. Tí o bá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, ẹni tí o ṣẹ̀ á kígbe pé òun máa pè ọ́ lẹ́jọ́, wọ́n á sì gbọ́ ẹjọ́ náà nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bá dé èbúté, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, bí àwọn àgbà ẹbí ṣe ń jókòó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ainslie ní Gíríìsì ní 2004 nìyẹn. Eré kejì péré ni, ọmọ Faransé kan pè é lẹ́jọ́, ó sì jẹ̀bi. Ó ti ná ibà rẹ̀ tán kí ọjọ́ kìíní tó parí. Láti ọjọ́ yẹn títí dé òpin ọ̀sẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ burúkú mìíràn. Kò ní. Nínú gbogbo wúrà rẹ̀, ìyẹn ló wú mi lórí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí fídíò kan tó lè fi í hàn yín.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dé ibẹ̀? Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré nínú Optimist, ọkọ̀ bí àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.3, tí ọmọ kan ṣoṣo ń wà títí di ọdún 15. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ń bọ́ sí Laser, tí orúkọ rẹ̀ ti di ILCA báyìí: mítà 4.2, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kílò 59 lọ, kò tó ìwọ̀n ẹni tó ń wà á. Ìgbòkun oríṣi mẹ́ta ló wà fún un, kí ọmọdé, obìnrin àti ọkùnrin tó taagun lè rí èyí tó bá ara wọn mu. Ẹni tó bá wọn nǹkan bíi kílò 80 ni ti ńlá bá mu. Finn fẹ́ ẹni tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí ìgbòkun rẹ̀ fẹ̀, ara ni wọ́n sì fi ń dì í mú. Nígbà tí Ainslie kúrò nínú Laser bọ́ sí Finn lẹ́yìn Sydney, ó ní láti jẹun, kó gbé irin, kó sanra lọ́nà tó lágbára. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́: "Irú iṣẹ́ tó yẹ mí nìyí!" Wọ́n ti yọ Finn kúrò ní Òlímpíkì lẹ́yìn Tokyo. Ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ jù.

Owó kò sí nínú ọkọ̀ kékeré. Inú ọkọ̀ ńláńlá ni ọ̀ta tó ti gba wúrà ti ń lọ wá owó. Ní 2013, Ainslie wà nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti nà ní 8 sí 1 nínú ìdíje America's Cup ní San Francisco, tí wọ́n wá padà borí ní 9 sí 8. Ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní Èkó níbí, Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, a sì lè rí ìgbòkun funfun wọn ní ìhà Tarkwa Bay lópin ọ̀sẹ̀. Laser tuntun kan tó owó mọ́tò tòkunbọ̀, ojúoró tó ń wọ́ wá sójú ọ̀sà sì máa ń wé mọ́ pákó abẹ́ ọkọ̀ àti ìtọ́kọ̀, kí eré tó ń sá di ìrìn ìjàpá. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọmọ Èkó kò lè mọ atẹ́gùn kà, màá mú un lọ sí Mákòókò.

Ó yá, ẹ yọ ohun tí ẹ fi sápò jáde. Weymouth ní Ìlú Ọba, ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, 2012. Jonas Høgh-Christensen, ọmọ Dẹ́nmárkì bíi Elvstrøm, ti ṣáájú Ainslie nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà àkọ́kọ́, láìtàsé ẹyọ kan. Ainslie ń fà á padà díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ àṣekágbá, ọmọ Dẹ́nmárkì ní 26, Ainslie ní 28. Pieter-Jan Postma, ọmọ Hólàńdì, jìnnà sẹ́yìn pẹ̀lú 42.

Máàkì méjì ló wà láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́, nínú eré tí máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ipò kan ṣoṣo nìyẹn. Tí Ainslie bá fi ipò kan péré ṣáájú ọmọ Dẹ́nmárkì, wọ́n á dọ́gba, òfin sì sọ pé tí wọ́n bá dọ́gba, ẹni tó ṣáájú nínú àṣekágbá ló ni í. Ì báà jẹ́ ipò kìíní àti ìkejì, ì báà jẹ́ ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, ọ̀kan náà ni. Nítorí náà ni Ainslie ṣe so ara rẹ̀ mọ́ ọmọ Dẹ́nmárkì, tí àwọn méjèèjì fi ń jà lẹ́yìn bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà lórí omi.

Kò yẹ kí àwọn mẹ́jọ yòókù kàn án, àfi ẹnì kan. Bí àwọn méjì yìí ṣe ń fa ara wọn sẹ́yìn, Postma ti wà ní ipò kẹta níwájú, ó sì ń lé Dan Slater, ọmọ New Zealand, tó wà ní ipò kejì. Ẹ bá mi ṣírò: ipò kejì, ìlọ́po méjì, 4. 42 àti 4, 46. Iye tí Ainslie náà máa ní nìyẹn, Postma ló sì ṣáájú nínú àṣekágbá. Wúrà ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, Ainslie sì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ibi tí Postma ti fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ Slater kọjá ló ti fara kan ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní láti yí po. Ó bọ́ sí ipò karùn-ún, máàkì 10, àròpọ̀ 52. Kò rí idẹ pàápàá gbà. Jonathan Lobert, ọmọ Faransé, ló fi 49 gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fa kakulétọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò owó irin mọ́ra. Wọ́n tẹ 28 àti 18. Wọ́n tẹ 26 àti 20. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún tẹ 42 àti 4.

"Ọmọ Hólàńdì yẹn," ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn, "fídíò tiẹ̀ ni kí o bá mi wá."